Àgékù Aṣọ

Mi ò ní purọ́: èmi ni.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù
da àgékù aṣọ sí gọ́tà Ìsìkàn.
Òru ni mo máa ń dà á.
Òjò a dé, a gbé e lọ sódò Àlà,
èmi a sùn, ọkàn mi a balẹ̀.
Ohun tójú ò rí, mo ní kò lórúkọ.

Àfi Sátidé kan lóṣù Òkúdu,
ọjọ́ ìmọ́tótó. Mo tilẹ̀kùn, mo ń retí aago mẹ́wàá
kí n lè padà sídìí máṣíìnì.
Mo gbọ́ ohùn ọmọdé nísàlẹ̀ afárá.
Mo yọjú.
Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìmọ́tótó àyíká ni, láti ilé ìwé girama òkè ọ̀hún,
bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, nílọ́ọ̀nù ni wọ́n so mọ́wọ́.
Akíntọ́mìdé, ọmọ fọganáísà, wọ odò dé orúnkún,
ó ń fa nǹkan kan bí ẹni ń fa ìfun màlúù.
Ó fà, kò tán.
Ó tún fà.

Aṣọ ni.
Aṣọ tèmi.

Òmíràn pupa, mo gé e lára kaba ìyàwó Bọ̀sún;
òmíràn aláwọ̀ ewé, tọjọ́ tí wọ́n sin ìyá ìjọ;
òmíràn ṣẹ́ẹ̀kì búlúù òun funfun,
yunifọ́ọ̀mù tó wà lọ́rùn àwọn ọmọ yẹn gan-an.
Èmi ni mo rán an fún wọn.

Tíṣà wọn, Mísìsì Ọmọ́lafẹ́, kò bú ẹnikẹ́ni.
Ó ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sórí irin afárá.
Ṣé ẹ ti rí afárá tó wọṣọ rí?
Ọlọ́kadà dúró. Ìyá alákàrà dúró.
Ẹnì kan ní, "Ta ló ń ṣègbéyàwó níbí?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín tí ò dé ọ̀fun.

Àlà là ń pe odò yìí.
Àlà tí ò funfun,
tó dúdú bí omi ìṣanwọ́,
tó ń gbé ike, tó ń gbé bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan.
Nígbà tó kún léṣìí, yàrá mi ló kọ́kọ́ wọ̀.
Mo bú ìjọba. Mo bú òjò.
Àgékù tó dí ọ̀nà omi, mi ò dárúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin kan wọlé, Fèyíṣayọ̀,
àpò ìrẹsì lórí, ó kún fún aṣọ gbígbẹ.
Ó kúnlẹ̀.
"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rán an pọ̀, kó di báàgì ọjà,
káwọn ìyá wa má gba nílọ́ọ̀nù mọ́.
A máa sanwó. A ti ta ike:
ẹgbàá ó lé igba náírà ló wà lọ́wọ́ wa."
Ó ka owó sórí tábìlì. Owó náà ń rùn bí odò.

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?
Pé èmi ni mo laṣọ?
Mo ní, "Ẹ mówó yín."
Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́."
Mo mú igba náírà níbẹ̀, mo fi ra òwú.

Báàgì mẹ́rìndínlógójì, méjì ò jọra.
Ìyàwó mi gbé ọ̀kan lọ Ọjà Ọba,
ó gbé e bọ̀ pẹ̀lú nílọ́ọ̀nù mẹ́ta nínú rẹ̀.
Ó ní, "Wọ́n ti dì í kí n tó sọ̀rọ̀."
Ó dáa. Ọ̀la ń bọ̀.

Àpò ìrẹsì wà lábẹ́ máṣíìnì mi báyìí,
ibẹ̀ làgékù ń já bọ́ sí.
Jímọ̀-Jímọ̀ làwọn ọmọ ń wá kó o.
Ṣùgbọ́n lóru, tíná bá lọ, tó bá rẹ̀ mí,
ọwọ́ mi ṣì máa ń nà sí fèrèsé fúnra rẹ̀.
Màá gbọ́ odò lẹ́yìn ilé.
Màá fa ọwọ́ náà padà.