Ohun Tó Ń Gun Okùn

Òjò àkọ́rọ̀ bọ́ sórí páànù tuntun lóru Ọjọ́bọ̀,
ariwo rẹ̀ jí mi, mo dìde, mo jókòó,
mo rò pé ẹ̀rọ ìfọgò ló tún ń ké.
Ọgbọ̀n ọdún ní Kàdúná kì í tán lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ilé mi nìyí, ní Mọ̀pà, lẹ́yìn ilé ìwé,
sìmẹ́ńtì kò tíì gbẹ tán ní yàrá ẹ̀yìn,
àgbàlá ṣì kún fún àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ìṣó.
Àpáta ń wò mí látòkè bí ẹni tó mọ bàbá mi.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ń ta sánsán.
Ẹni tí kò jìnnà sí i rí kò lè mọ òórùn yẹn.
Mo mú ọkọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, èèkù rẹ̀ ṣì funfun,
mo kọ ebè títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó.
Ebè mẹ́fà. Ìyá Mọlẹ̀gbèmí yọjú lórí ògiri:
"Okun o, Bàbá Kàdúná. Ebè lèyí, àbí sàréè?"

Ilá, ata, ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀:
ìwọ̀nyẹn kò nílò àlàyé.
Ṣùgbọ́n ebè kẹfà, ní igun tí òòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé,
mo fi í sílẹ̀ fún ohun tí Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi gbé tòkè òkun dé,
gbòǹgbò kan, kò ju ìka ọwọ́ lọ,
nínú ìwé ìròyìn tútù tí wọ́n fi èdè Jámánì kọ.
Họ́ọ̀pù.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé àpò rẹ̀ léjìká,
tí mò ń dà á sínú ìkòkò tó ga ju ilé lọ,
tí òórùn rẹ̀ ń bá mi wọkọ̀ délé, tó ń bá mi sùn,
tí ìyàwó mi (Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere)
máa ń sọ pé ewé ni orogún òun.
Ṣùgbọ́n n ò rí i láàyè rí. Gbígbẹ ló máa ń dé,
ó ti di lílọ̀, ó ti di wóró bí oúnjẹ adìyẹ.

Mo na okùn láti èèkàn dé etí páànù.
Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó yọ: ó pupa díẹ̀, irun wà lára rẹ̀,
ó ń wá nǹkan dì mọ́, bí ọmọ tó ń fi ojú oorun wá ọmú.
Ó yí okùn po lápá ọ̀tún.
Mo yí i sósì láti dán an wò;
kílẹ̀ tó mọ́, ó ti padà sọ́tùn-ún.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti rí olórí kunkun bíi tèmi.

Ẹ̀gúsí gba ilẹ̀. Ilá ga jù mí lọ.
Họ́ọ̀pù dé orúnkún mi, ó dúró.
Mo bomi rin ín, mo da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, mo bá a sọ̀rọ̀.
Rẹ̀mílẹ́kún sọ lórí fóònù pé ọjọ́ gígùn ló ń retí,
pé níbi tó ti wá, òòrùn kì í tètè wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.
Tiwa sì rèé, aago méje, ilẹ̀ ti ṣú.
Kí ni kí n ṣe sí i? Èmi kọ́ ni mò ń dá òòrùn dúró.

Ìyá Mọlẹ̀gbèmí mú igi ewúro mẹ́ta wá,
ó gún un mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tọrọ àyè.
"Bó bá jẹ́ kíkorò lò ń wá,
èyí kì í bi èèyàn léèrè aago."

Ìparí oṣù Kẹjọ, mo bá òdòdó lára rẹ̀,
mẹ́ta péré, aláwọ̀ ewé, bí ìpẹ́ ẹja tí a tò léra.
Mo fọwọ́ ra ọ̀kan, mo gbé e símú:
iṣẹ́ òru. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù. Ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà,
tó ń ní kí n kọ́kọ́ lọ wẹ̀.
Mo na ọwọ́ náà sí Ìyá Mọlẹ̀gbèmí. Ó gbóòórùn, ó fajú ro:
"Ó ń rùn bí òbúkọ tó fi lọ́fínńdà."

Ewúro ti gba igun náà báyìí.
Okùn ṣì wà níbẹ̀, láti èèkàn dé etí páànù,
òkè rẹ̀ ṣófo. Aláǹtakùn kan ti ń lò ó.
N ò tú u.