Ayùn Àfàgé

Owó ìfẹ̀yìntì mi ló wà nínú ìborùn,
mo so ó ní kókó mẹ́ta.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ Èpè ní A, B, D,
n kò mọ̀ pé n óò tún dé ibi tí lẹ́tà yóò ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́:
lára èèkù ayùn náà, wọ́n kọ nǹkan
bí ipa akàn lórí iyanrìn Máríńà.
"Ará Japáàn ló fọwọ́ rọ ọ́," ni Sẹ̀gilọlá wí,
ẹni tí ń já ẹrù tòkunbọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Pópó Ọba.
Ó ṣí àpótí. Irin mẹ́wàá sùn gbọọrọ nínú rẹ̀,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ ìwélé tirẹ̀.
Ojú mi wọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi tú kókó kìíní.

Kásálì káfíńtà ń kọjá lọ pẹ̀lú pákó lórí,
kò sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó dá mi dúró:
"Tíṣà, ṣé ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ fi kọ́ wa
láti ìwé kìíní dé ìkẹfà?
Ẹ ra ayùn kan. Ẹ ra ìgbẹ́gi kan.
Ẹ ra òkúta tí ẹ óò fi pọ́n wọn;
ẹni tó ra irin tí kò ra òkúta, ṣíbí ló rà."
Mo ní, "Ìfági ńkọ́?"
"Ìfági á dúró dè yín. Igi ni kò mọ̀ yín rí."
Sẹ̀gilọlá pòṣé, ó dé àpótí.

Mo délé, mo gbé pákó àràbà lé àga,
mo ti ayùn náà síwájú bí bàbá mi ti máa ń ṣe,
bàbá mi tó kan ọkọ̀ ojú omi ní Ayétòrò,
tí ayùn rẹ̀ kan Wàsíù nígbà tí a pín ogún,
torí obìnrin kì í kúkú rẹ́ pákó,
tí Wàsíù sì tà á, tó fi kún owó ọ̀kadà.
Ayùn náà ká bí ewé kókò. Ó ké. Èmi náà ké.
Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún náírà!

Ìgbà náà ni mo rí wọn láti ojú fèrèsé,
àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin létí ọ̀sà,
wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ń fa àwọ̀n.
Kò sẹ́ni tó ń ti ẹja wálé.

Mo fa ayùn sọ́dọ̀ ara mi. Jẹ́jẹ́.
Ó wọlé.
Ìyẹ̀fun pákó dà sórí ẹsẹ̀ mi, ní ìhà tèmi,
ó ń rùn bí ìyàrá tí bàbá mi kì í jẹ́ kí n wọ̀.

Àpótí ìjókòó tí mo kọ́kọ́ kàn rèé, ó ń mì.
Ẹsẹ̀ kan kúrú, mo fi páálí gbé e nísàlẹ̀.
Wàsíù wá kí mi lánàá, ó jókòó lé e,
ó ní, "Ta ló kan èyí?"
Mo ń da omi sórí òkúta.
N kò tíì dá a lóhùn.