Kí Ọjọ́bọ̀ Tó Dé

Ogójì ọdún ni mo fi kọ lẹ́tà sára ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́.
SÙÚRÙ LÈRÈ. AYÉ Ń WÒ Ọ́.
Okùn ni mo fi ń wọn ìlà, ẹfun ni mo fi ń sàmì sí i,
lẹ́tà mi kì í wọ́.
Bí o bá dúró ní Ọjà Olúwo, tí ọkọ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún lójú ọ̀sà,
wàá ka orúkọ rẹ̀ kí o tó gbóòórùn ẹja inú rẹ̀.

Wàyí o, ìkùukùu ti wọ ẹyinjú mi.
Dókítà obìnrin fi iná kékeré wò ó,
ó ní, "Bàbá, aṣọ ti bo fèrèsé yín.
Ọjọ́bọ̀ la ó ká a kúrò."
Òní ṣì ni Àìkú.

Rìsìkátù, ọmọ àbúrò mi, tó kọ́ṣẹ́ àwòrán ní Yaba,
jókòó tì mí létí ọ̀sà, ó ṣí ìwé ńlá kan lé itan,
ó ń fi ẹnu ya ohun tí n ò lè rí níbẹ̀ fún mi:
àwọn ará Faransé kan, láyé àwọn baba ńlá wa,
tí wọ́n gbé ọ̀dà kúrò nínú yàrá,
tí wọ́n lọ jókòó sínú oòrùn bí ẹja tí wọ́n sá.
Wọn ò ya igi; ìmọ́lẹ̀ tó bà lé igi ni wọ́n yà.
Wọn ò ya omi;
ìṣẹ́jú tí omi fi rí bẹ́ẹ̀ ni.
Àwọn ọ̀gá ìlú wò ó, wọ́n fi wọ́n rẹ́rìn-ín:
"Ẹ lọ parí ẹ̀ ná kí ẹ tó gbé e wá."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé pátákó ni mí.
Mo ní, "Dúdú wọn wá ńkọ́?"
Ó ní wọn kì í sábà fi dúdú ya òjìji.
"Ẹ wo òjìji ọkọ̀ yẹn. Ṣé dúdú ni?"

Mo wò ó.
Ẹ gbà mí o, ogójì ọdún!
Elésè àlùkò ni, aró díẹ̀ yọ létí rẹ̀,
bí omi tí àwọn aláró fi ṣan aṣọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ní ọ̀kan nínú wọn darúgbó,
ó gbin òṣíbàtà sínú adágún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.
Ìkùukùu wọ ojú tiẹ̀ náà.
Orúkọ ara ike ọ̀dà ló ń kà kó tó mọ èwo ni pupa,
kò sì dáwọ́ dúró.
Àwa ń fi òṣíbàtà tọrọ àtilékè;
òun fi í sílẹ̀ kó léfòó lásán.

Mo ní kí Rìsìkátù gbé pákó ọkọ̀ tó fọ́ yẹn wá,
àti ọ̀dà tó ṣẹ́kù nínú agolo mílíìkì.
N ò na okùn.
Mo ń kán an lé e, tó, tó, tó, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù,
pupa síbí, àwọ̀ ewé sọ́hùn-ún,
funfun níbi tí àwọ̀n ti ń jo omi sílẹ̀.
Dúdú wà nínú agolo rẹ̀, n ò ṣí ìdérí.

L'Ọ́jọ́bọ̀ wọn á dá ìlà padà fún mi.
Mo fẹ́ ẹ, n ò ní purọ́. Mo fẹ́ rí ojú ọmọ-ọmọ mi.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi tọ́jú ìkùukùu yìí?

Ṣẹ̀fíù apẹja ń wa ọkọ̀ kọjá, ó pariwo:
"Bàbá, kí lẹ kọ síbẹ̀? N ò rí i kà!"
Mo ní, "Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.
Tètè kà á. Ó ti ń lọ."