Ọ̀kẹ́ Kan

Aago mẹ́rin ààbọ̀. Òkùnkùn ṣì dì mọ́ Kánsáàsì.
Mo ń bu ìyẹ̀fun aláwọ̀ eérú sórí ìwọ̀n,
kò ju iyọ̀ tí à ń fi ìka mẹ́ta bù sọ́bẹ̀,
bẹ́ẹ̀ òun ni yóò wọ inú àgbàdo tó ga ju ilé wa lọ,
àgbàdo tí ooru omi ti sọ di pẹlẹbẹ,
tó ń ta sánsán bí búrẹ́dì àárọ̀.
Ọkọ̀ ń pò ó, ó ń pò ó, ó ń pò ó,
títí n kò fi lè fi ọwọ́ ara mi tọ́ka
pé ibi báyìí ni oògùn wọlé sí.

Ọ̀kẹ́ oògùn kan, ọ̀kẹ́ màlúù kan:
ẹgbàá mẹ́wàá ẹnu nínú ọpọ́n símẹ́ńtì.
Ẹnu ayé ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a léṣinṣin.
Ìwọ̀nyí nírù. Eṣinṣin ló pọ̀ ju ìrù lọ.

Ohun tí ìyẹ̀fun náà ń sọ nínú ẹ̀jẹ̀ kò le:
ó ní kí ọ̀rá dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn,
ó ní kí ẹran wọlé, kó jókòó, kó nà tàntàn.
Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n péré, kí ọkọ̀ tó wá kó wọn.
Itan á le kokooko, ẹ̀yìn á tẹ́ bí tábìlì.

Eusebio, tó ń fi ẹṣin yí ọgbà ká, bọ́ fìlà rẹ̀:
"Ludmila, lọ́sàn-án yìí, nínú ooru,
mo rí mẹ́ta tó ń rìn bí ẹni tó tẹ àfọ́kù ìgò mọ́lẹ̀."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mẹ́ta. Mo kọ wákàtí.
Ìwé mìíràn ní ìwọ̀n ti gòkè, ọ̀gá sì ń rẹ́rìn-ín.

Nílé ìpẹran, wọ́n gé e láàárín ìhà kejìlá àti ìkẹtàlá,
ọkùnrin kan tan iná sí i.
Ẹran náà pupa, ó fẹ̀, ó kún àwo;
ṣùgbọ́n fọ́nrán ọ̀rá tó yẹ kó tàn ká inú rẹ̀
dà bí ojú ọ̀run ọ̀gbẹlẹ̀:
ìkuukùu méjì, bó pọ̀ tán mẹ́ta.

Mo mú ègé kan relé fún bàbá mi.
Bohumil ti pé àádọ́rùn-ún ọdún,
ó ṣì rántí màlúù tó jẹ koríko dàgbà,
tí ọ̀rá wọn pọ́n bí inú ẹyin.
Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ ń lọ bí aago ògiri.
"Ọmọ mi, mo ń bá a sọ̀rọ̀, kò dá mi lóhùn."

N kò wí nǹkan kan. Mo fọ àwo.
Lẹ́yìn náà mo ka oògùn alẹ́ rẹ̀ sí i lọ́wọ́:
funfun kan fún ọkàn, pupa kékeré kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru.
Ó gbé funfun yẹn sókè síná, ó wò ó pẹ́.
"Èyí ńkọ́? Kí ló fẹ́ lọ sọ fún ara mi?"

Aago mẹ́rin ààbọ̀.
Mo nu ṣíbí náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bù.