Káàdì Inú Agolo Kọfí

Ní Yuma, a máa ń gé létúùsì kí oòrùn tó yọ,
nígbà tí yìnyín ṣì lẹ̀ mọ́ ewé bí iyọ̀.
Tí ooru bá dé, iṣẹ́ á ṣí lọ sí Salinas,
àwa náà á ká ẹní, a ó tẹ̀ lé e.
Ewé ló ń darí wa, kì í ṣe kàlẹ́ńdà.

Oṣù Kìíní ni wọ́n gún Yaretzi ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́
nínú ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n sọ di kílíníìkì,
tí wọ́n gbé dúró létí oko.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ògiri ló ń wò, kò wo apá rẹ̀.
Nọ́ọ̀sì Graciela na káàdì sí mi:
"Ó ku ẹyọ kan. Oṣù mẹ́fà."
Mo ní mo gbọ́.
Mo kà á lórí ìka tí omi létúùsì ti bó.

Àbúrò ọkọ mi ní, "Ọmọ tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù,
kí ló kàn án kan àìsàn àgbàlagbà?"
Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ gígùn í sọ.
Mo ní, "Ìgbà wo lo máa ń da aṣọ bo ewé,
kí yìnyín tó bọ́ ni,
àbí ìgbà tó bá ti jó o tán?"
Ó dákẹ́. Àgbẹ̀ lòun náà.

Inú agolo kọfí ni mo fi káàdì sí,
pẹ̀lú yẹtí ìyá mi, pẹ̀lú àwòrán Eufemia ẹ̀gbọ́n mi,
ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ tó ń fi pamọ́
títí dókítà fi dárúkọ jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ fún un
lóhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọrọ gáfárà.
Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Oṣù Keje kọjá lára wa
bí ọkọ̀ tí kò rí ọwọ́ tí a nà sí i.
Ẹ́ńjìnnì kú lójú ọ̀nà. Ọ̀bẹ gé bàbá wọn lọ́wọ́.
Sitirọ́bẹ́rì pọ́n, ó rà, a tún padà sí Yuma, a tún padà wá.
Agolo wà lábẹ́ kúbùsù nínú búùtù.

Ìwé ìbí ni mò ń wá lọ́jọ́ tí káàdì já bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀.
Mo kà á: oṣù mọ́kànlélógún.
Ìtìjú mú mi. Mo rò pé wọn á ní ká bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.
Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Pahoua wo kọ̀ǹpútà, ó mi orí:
"A kì í bẹ̀rẹ̀ padà, màmá.
Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lára rẹ̀, ó ń dúró de èkejì."
Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.
Yaretzi ká apá aṣọ sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wò ó.

Nahúm ń rẹ́rìn-ín lórí àga.
"Ìwọ ńkọ́?" ni nọ́ọ̀sì wí.
"Èmi? Ọkùnrin ni mí."
"Ọ̀nà ọ̀fun rẹ ò mọ ìyẹn."
Ó béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀:
ó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá.
"Ká ní o wá lọ́sẹ̀ tó lọ, méjì ni. Ní báyìí, mẹ́ta."
Ọmọ yíjú sí mi bí ẹni tí mo ṣi owó kà fún.
Mo ṣì í kà lóòótọ́.

Ìkejì rẹ̀ á bá wa ní Yuma,
ìkẹta á bá wa níbi tí létúùsì bá wí.
Mo so káàdì rẹ̀ mọ́ díńgí ọkọ̀, ó ń jù fìrì fìrì.
Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀;
tiwa, táyà ni.

Ti Yaretzi ti pé.
Mo dá a padà sínú agolo,
mo kọjú rẹ̀ sí Eufemia
kí ó lè rí i.