Ọjọ́ Kìíní Oṣù Kẹwàá

Rọ́là ẹ̀rọ ìrẹsì mi ló là sí méjì
ní Ìgbẹ̀mọ, nígbà tí ìrẹsì tuntun ń wọlé bí òjò.
Fáṣúyì mẹkáníìkì wò ó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú,
ó ní, "Ọ̀gá, èyí kì í ṣe ti Adó, kì í ṣe ti Ìbàdàn,
ẹni tó rọ ọ́ ni kí ẹ lọ bá."
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di èrò Ṣáínà,
èmi tí n kò tíì kọjá Ìlọrin rí.

Mo ta oko kòkó kan.
Mo gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin mẹ́rìnlá.
Mo di ẹrù, mo dágbére, mo fò.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọjọ́ tí àwa gba òmìnira
ni ọjọ́ orílẹ̀-èdè tiwọn náà bọ́ sí.

Ṣángṣà rèé:
ilé tí Olósùnta Ìkéré yóò gbójú sókè wò,
àsíá pupa lára gbogbo òpó,
àti èèyàn.
Mo ní èèyàn.
Kì í ṣe bí èrò ọjà, tí ń lọ tí ń bọ̀;
ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dojú kọ,
bí ìgbà tí ìjàlọ bá rí òkú ejò.
Ẹsẹ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀.
Bí mo bá ní ọ̀tún ni mò ń lọ, ogunlọ́gọ̀ a ní òsì ni.
Bọ́tìnnì ẹ̀wù mi méjì bá wọn lọ, wọn ò padà wá.

Mo rí ilé-iṣẹ́ onírọ́là níkẹyìn.
Irin ni wọ́n fà bo ojú rẹ̀. Bébà kan lẹ̀ mọ́ ọn.
Mo fi fóònù ka bébà náà. Fóònù ní:
"A ti lọ sinmi. Ẹ padà wá ní ọjọ́ kẹjọ."
Ọjọ́ kẹjọ!
Ìrẹsì obìnrin mẹ́rìnlá wà nílẹ̀ pẹ̀lú èèpo lára,
èmi sì ń rìn gbéregbère ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí yàrá,
àga lásán gan-an ti tán.

Ìyá arúgbó kan wò mí, ó sún apá kan àpò rẹ̀ fún mi,
mo jókòó. Ó ṣí abọ́ ike, ó bù mí ní ìrẹsì tútù.
Mo fi eyín wá òkúta inú rẹ̀, bí a ti ń ṣe nílé.
N kò rí ẹyọ kan.
Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, n kò mọ ìdí.

Fóònù dún. Ìbíyẹmí ọmọ mi ni.
"Bàbá, ẹ gbọ́! A ti bẹ̀rẹ̀!"
Pápá ilé ẹ̀kọ́ ni, eruku ń bẹ nínú ohùn rẹ̀,
tíṣà ń ké: lẹ́fù, ráìtì, lẹ́fù, ráìtì.
Ìgbà náà ni wọ́n ṣí ẹnubodè. Ogunlọ́gọ̀ dìde.
Mo bá wọn dìde, fóònù létí,
n kò ní ibi tí mò ń lọ,
mo sì ń gbẹ́sẹ̀ bí ọmọ iléèwé Ìgbẹ̀mọ,
lẹ́fù, ráìtì, láàrin ẹgbẹ̀rún tí ò gbọ́ ohun tí mo gbọ́,
títí ìyá alápò fi wo ẹsẹ̀ mi,
ó rẹ́rìn-ín,
ó sì bá mi gbé e.

Lọ́jọ́ kẹjọ mo ra rọ́là. Méjì ni mo rà.
Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Èkejì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Lónìí, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá,
mo pa ẹ̀rọ, mo lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn:
A ti lọ sinmi.
Yèyé Aríyìíbí kà á, ó tún un kà,
ó fi kọ́ńgò lu ilẹ̀kùn:
"Gbogbo owó wa tí o gbé lọ sí Ṣáínà,
ìmẹ́lẹ́ lo rà bọ̀?"

Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń wọ bàtà.
Ìbíyẹmí ń dúró.
Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní pápá.