Ewú Kan Lórí Balógun Afárá

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Balógun Afárá
nígbà tí bàbá mi ra ìwé aláwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́
ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ irin, ní Pittsburgh.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàbá mi náà.
Ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Lánàá òde yìí, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà ni Balógun ṣì wà.
Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, mo kun irun rẹ̀ ní dúdú,
dúdú tó ń dán bí epo ẹ́ńjìnnì,
bí mo ti ń kùn ún láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Orí tèmi ti funfun.
Awò ojú mi ti nípọn bí ìdí ìgò.
Òun ṣì ń fò láti orí afárá kan bọ́ sórí èkejì,
orúnkún kò dùn ún rí.

Bí a bá ń jẹun ọ̀sán, àwa òṣìṣẹ́ a máa jiyàn lé e lórí.
Pruitt, olóòtú wa, a ní: "Ẹ má fọwọ́ kàn án.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí yóò rà á lọ́la
kò wá bàbá àgbà. Ó ní tirẹ̀ nílé."
Delphine tó ń fa ìlà a bú sẹ́rìn-ín:
"Ìyàwó rẹ̀ ti lóyún láti ìgbà tí mo wà nílé-ìwé.
Oyún wo ni kì í di ọmọ?"
Èmi a ní: bí ọmọdé láṣọ bí àgbà,
kò lè lákìísà bí àgbà.
Ẹ wo aṣọ ọrùn rẹ̀: iná jó o, ọta lù ú, odò gbé e lọ;
bí oṣù bá lé, tuntun ló tún fi bọ ọrùn.
Ìgbà méjìlélógójì ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ti dalẹ̀ rẹ̀,
ìgbà méjìlélógójì ló yà á lẹ́nu.
Ẹni tí kò gbó, ibo ni yóò ti gbọ́n?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń wí, títí di ọjọ́ Àìkú kan.

Mo wakọ̀ kọjá odò Monongahela
lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú bàbá mi.
Ó pè mí ní Žofia, orúkọ ìyá mi.
Ó ní, "Margita ń ti ilé-ìwé bọ̀,
bá mi ṣí fèrèsé, kí n lè rí i bó bá yọ."
Èmi ni Margita. Mo ṣí fèrèsé.
Àwa méjèèjì jọ ń wo ojú ọ̀nà.

Ìgbà tó yíjú padà, ó rí ìwé tó wà lórí tábìlì.
"Balógun!" Ojú rẹ̀ tàn. "Ìwọ mà nìyí!"
Ó mọ ojú tí mo kùn,
kò mọ ojú tí ó bí.

Lóru, n kò lè sùn. Mo ya Balógun fún ara mi:
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ó jókòó sétí afárá,
ó ti bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.
Mo mú un lọ fún bàbá mi.
Ó wò ó pẹ́. "Ta ni bàbá yìí?"
N kò fèsì.
Ó fi ìka kan orúnkún inú bébà náà.
"Ó jọ pé ó ti rìn púpọ̀. Ní kó wá jókòó."
Ó sì sún ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì
kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ráyè.

Ní ọjọ́ Ajé mo padà sẹ́nu iṣẹ́.
Mo kun irun náà ní dúdú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n kùn ún,
àfi ẹyọ kan lẹ́yìn etí òsì
níbi tí mo fi funfun bébà sílẹ̀.
Pruitt kò tíì rí i.
Bó bá rí i, màá ní ọwọ́ mi ló gbọ̀n.